Ìgò Ló Ń Júwe Báyìí

Àwọn àgbà ní akèǹgbè ló ń júwe ibi tí wọn yóò ti so òun lókùn. Ọrùn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ibi tí ọrùn bá ti fún, ibẹ̀ ni okùn ń gbà, kò sí ẹni tí í so okùn mọ́ ikùn akèǹgbè. Bí wọ́n bá sì fi òwe yìí bá ènìyàn wí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìwà tó bá hù ni ayé yóò fi mọ bí wọn yóò ṣe mú un.

Òwe náà ṣì wà, akèǹgbè ló ti fẹ̀yìn tì. Ẹ lọ síbi ìdána ní Ìbàdàn tàbí Èkó lónìí, kí ẹ wo ibi tí wọ́n to ẹrù ìyàwó sí. Ẹ ó bá akèǹgbè níbẹ̀ lóòótọ́: wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún, wọ́n ti wé léèsì mọ́ ọn lára, okùn ti di rìbọ́ọ̀nù. Ẹ gbé e wò, òfìfo ni. Wọ́n háyà rẹ̀ ni, òde mìíràn ló ń lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹmu gan-an wà lábẹ́ tábìlì, nínú kẹ́ẹ̀gì oníke tó ti gbé òróró rí. Akèǹgbè tí kò ní ẹmu, ẹmu tí kò ní akèǹgbè: àwọn méjèèjì wá síbi ìdána kan náà, wọn kò kí ara wọn.

Síbẹ̀, èyí kéré sí ti àwọn tó ń ṣe wáìnì nílé. N kò bá ẹni tó fi ọ̀pẹ òyìnbó, ìsápá tàbí agbálùmọ̀ pọn ọtí jà. Ọgbọ́n ńlá ni. Ibi tí wọ́n ti ń wá ìgò lẹjọ́ wà. Wọ́n á lọ bá àwọn tó ń ta ìgò àlòkù, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ èyí tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ya. Wọ́n á rọra ṣan inú rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, kí omi má baà kan orúkọ Faransé tó wà níta. Ọtí tí wọ́n pọn lẹ́yìnkùlé á wá di ọmọ bíbí Bordeaux. Ẹ wá wo àwọn àlejò! Wọ́n á yí gíláàsì lọ́wọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á dijú. Ẹnìkan á ní òun mu irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pẹ òyìnbó ọjà Bódìjà lẹ mu yẹn. Ká ní inú ife oníke ni wọ́n bu ú sí ni, ẹ̀yin kan náà lẹ ó kọ́kọ́ sọ pé ó ti kan.

Ẹ̀pà ní ìtìjú jù wá lọ. Ó pẹ́ tí àwọn ìyá ẹlẹ́pà ti ń rọ ẹ̀pà sísun sínú ìgò jíìnì, kò sì sí ẹni tó ra ẹ̀pà tó délé tó ní jíìnì lòun rà. Oyin ń wọ ìgò wáìnì, epo pupa ń wọ̀ ọ́, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí náà ń wọ̀ ọ́, kálukú ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ọtí nìkan ló ń wọ ìgò tó ń pààrọ̀ orúkọ.

Nínú ọtí, ẹmu ni kì í gbà fún ìgò. Kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ni ẹmu ti ń ho: ìwúkàrà ti bọ́ sí i, ó ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ewé dí ẹnu akèǹgbè, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde. Ìwọ wá dà á sínú ìgò wáìnì, o fi kọ́ọ̀kì dí i pinpin, o gbé e sí búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn. Àwọn ará Faransé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi jẹ́ kí ìgò ṣáńpéènì nípọn, tí wọ́n sì fi wáyà de kọ́ọ̀kì rẹ̀: agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti inú táyà mọ́tò. Ìgò wáìnì lásán kò ní irú egungun bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí alága ìdúró bá ń kó ẹbí ọkọ wọlé gan-an ni yóò bú gbàmù, gbogbo ilé á sì dọ̀bálẹ̀ ju bí àṣà ṣe ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ lọ. Ìgò náà júwe tirẹ̀ nìyẹn. Jésù ti sọ̀rọ̀ ọtí tuntun àti ìgò awọ tó ti gbó tipẹ́, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń gbọ́ ọ, a kì í mú un dé kíṣìnnì.

Ọ̀rọ̀ ìgò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣìnáàpù, jíìnì tí wọ́n ń pọn ní Schiedam, nílẹ̀ Netherlands, wá bá wa nínú ìgò aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin, a sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, débi pé ọ̀pọ̀ ilé kò lè wúre tàbí sin ọmọ fọ́kọ láìsí ṣìnáàpù. Ògógóró, tí a fi ẹmu tiwa pọn, ni ìjọba amúnisìn ń lé kiri inú igbó, wọ́n ní kò bófin mu. Ọ̀kan gba ọkọ̀ òkun wá pẹ̀lú ìgò, èkejì gba ọ̀nà oko wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Ògógóró náà wò ó sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì, ó lọ wá ìgò wọ̀. Ẹni tó bá ń gba ṣìnáàpù lọ́wọ́ àna lónìí, kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó fi wúre.

Ìyẹn ṣì ṣe é fi rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn mu ògógóró, ojú wọn ṣú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé methanol, ọtí olóró, ló wà nínú ohun tí wọ́n mu. Methanol kò ní àwọ̀, ìgò kankan kò sì lè tú àṣírí rẹ̀. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ń pariwo pé kí àwọn ilé ọtí máa fọ́ ìgò tó bá ti ṣófo, kí wọ́n má baà fi rọ ayédèrú. Ta ni yóò fọ́ ohun tó ń mówó wọlé?

Ọ̀mùtí inú ìwé tí Amos Tutuola gbé jáde ní 1952 gbọ́n jù wá lọ. Nígbà tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tó sì kú, kò wá ìgò tó dára jù lọ. Adẹ́mu ló wá dé ìlú àwọn òkú.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹmu pẹ́ nílẹ̀, ọ̀nà wà. Àwọn NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá ìlú Benin, ń rọ ẹmu sínú ìgò, ooru ni wọ́n sì fi ń pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kó má baà ho mọ́. Ẹmu ni wọ́n pè é, wọn kò sọ ọ́ di ará Faransé. Kí ló dé tí ẹni tó ń ṣe wáìnì nílé kò lè se ìgò àlòkù nínú omi gbígbóná, kó bó lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dànù, kó fi bírò kọ ọ́ pé: ‘Ọ̀pẹ òyìnbó, ilé Ìyá Bọ́lá’? Mo mọ̀ pé kò ní wu àwọn oníkámẹ́rà.

Àwọn tó ń ra ìgò kò bá wa jiyàn. Wọ́n ti wà lẹ́nu géètì, àpò lọ́wọ́, kí wọ́n tó pín oúnjẹ tán. Wọn kì í bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á yí i wò, wọ́n á dá owó lé e; èyí tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì mọ́, owó tirẹ̀ yàtọ̀.