Ìjàpá àti Tíì Igi Àgbà

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá. Kì í ṣe ọkọ Yánníbo o. Ìbátan rẹ̀ kan ni, ní Yunnan, ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọ̀hún, bí wọn kò bá gé igi tíì kúrú, gíga ni yóò máa ga, ẹni tó fẹ́ já ewé rẹ̀ yóò sì gùn ún bí ẹni tó ń ká àgbálùmọ̀. Igi kan wà ní Fengqing tí wọ́n ní ó ti lo 3,200 ọdún láyé. Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó hù? Kò sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹranko ló ń wárí fún un, wọ́n sì ṣọgbà yí i ká.

Ìjàpá ní oko tirẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, igi kéékèèké tó gbìn láìpẹ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́. Á já ọ̀mùnú kan pẹ̀lú ewé méjì, á tẹ́ wọn sí ibòji títí wọn yóò fi rọ, á fọwọ́ lọ́ wọn títí omi ara wọn yóò fi yọ. Lẹ́yìn náà á fi wọ́n sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ wọn títí wọn yóò fi pọ́n, kó tó yan wọ́n gbẹ lórí iná. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe tíì dúdú ní Fengqing láti 1938, nígbà tí ogun Japan dí ọ̀nà oko tíì ìlà-oòrùn, tí wọ́n rán onímọ̀ tíì kan, Feng Shaoqiu, wá síbẹ̀. Tíì Ìjàpá dùn, ó ń ta sánsán. Owó tó ń mú wọlé ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ó kọ ọ́ sára àpò pé: "Ewé igi 300 ọdún." Ọjà ọ̀hún tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Ní ọjà kejì, igi ti di ẹni 800 ọdún. Nígbà tí UNESCO sì gba igbó tíì àtijọ́ ti òkè Jingmai sínú ogún àgbáyé ní 2023, Ìjàpá ní ẹbí igi òun ni wọ́n dá lọ́lá, ó bá sún un sí 3,000.

Ọ̀kín tọ́ ọ wò, ó dijú, ó ní: "Mo ń gbọ́ òórùn gbòǹgbò tó jìn." Ọ̀kẹ́rẹ́ kò gbọ́ òórùn kankan, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ará oko? Òun náà mi orí. Ni Ìjàpá bá gbé orin:

Ẹ wá fowó rà á o,
*Ewé àgbà!*
Ọjọ́ orí ló ń dùn o,
*Ewé àgbà!*
Ẹni tí kò bá gbádùn rẹ̀,
*Ewé àgbà!*
Ẹnu rẹ̀ ni kò gbọ́n o,
*Ewé àgbà!*

Ọ̀bọ tó ń gbé orí igi ńlá Fengqing yẹn gbọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dá orin padà:

Orí igi ni mo sùn o,
*Ewé àgbà!*
Mi ò bá Ìjàpá ńbẹ̀ o,
*Ewé àgbà!*
Ewé rẹ̀ kò kún agbọ̀n,
*Ewé àgbà!*
Àpò tó tà kún ọjà o,
*Ewé àgbà!*

Ọ̀rọ̀ di ọ̀dọ̀ Erin, olórí ọjà. Ojú kò tilẹ̀ ti Ìjàpá. Ó ní: "Ẹ̀yin àgbà, ọmọ igi yẹn ni igi tèmi. Ṣé ọmọ kì í jogún bàbá rẹ̀ ni? Ọjọ́ orí ni tèmi jogún."

Erin fẹ́ sọ̀rọ̀, Ọ̀kín sáré bá a létí: "Bàbá, ogún àpò ló wà nílé mi. Mo ti kó márùn-ún fún àna mi. Bí ẹ bá ní irọ́ ni, ojú wo ni n ó fi wò wọ́n?" Ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá ń làágùn, ó ti tún tirẹ̀ tà, ó sì ti fi 200 ọdún lé e. Erin rántí àpò méjì tó wà nínú yàrá tirẹ̀. Ó húkọ́.

Ó ní Ọ̀bọ jẹ̀bi, ó ba ọjà jẹ́, kó san owó ìtanràn. Ó ní kí igi Ìjàpá máa jẹ́ 5,000 ọdún láti òní lọ, kí àríyànjiyàn lè tán. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀, ó sì fowó lé tíì kí ó tó dìde.

Bí ẹ bá dé ọjà Yunnan lónìí, ewé igi àgbà tó wà lórí àtẹ pọ̀ ju èyí tí igi àgbà ibẹ̀ lè rú lọ. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ẹ tó béèrè ọdún rẹ̀.