Ìyá Jíníọ́sì

Ìyá Jíníọ́sì ni abiyamọ tó ti mọ̀ dájúdájú, kí ọmọ rẹ̀ tó mọ póò lò, pé ọpọlọ ọmọ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ti àwọn yòókù. Kò sí àdúgbò tí kò sí, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ gan-an ní Magboro, Ibafo àti Mowe, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tó jẹ́ pé ilé àkọ́kọ́ tó máa ń rí ọ̀dà ní àdúgbò tuntun ni ṣọ́ọ̀ṣì, tí èkejì sì jẹ́ nọ́sìrì àti púráímárì. Bàbá Jíníọ́sì náà wà, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìdájí ló ń jáde lọ sí Èkó. Kí ó tó bọ́ nínú gosiloo Bẹ́gà àti Kara padà, ọmọ ti sùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sanwó, kó sì máa sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé, "Ọmọ yẹn, orí mi ló gbé wáyé."

Àmì tí wọ́n fi ń dá jíníọ́sì mọ̀ kò le. Ọmọ tó bá ti lè ṣí fóònù ìyá rẹ̀ láìbéèrè nọ́ńbà, tó sì dá eré aláwòrán wá lórí YouTube fúnra rẹ̀, ti wọlé. Èyí tó bá ń bi èèyàn ní "kí ló dé?" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó mọ́ ti kọjá jíníọ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá á wá ìdánwò ọpọlọ ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á jókòó ti ọmọ, á máa fi ìka tọ́ ọ sọ́nà díẹ̀díẹ̀, ọmọ á sì gba 140. Alfred Binet, ará Faransé tó kọ́kọ́ ṣe irú ìdánwò yìí pẹ̀lú Théodore Simon ní 1905, kò torí àti mú ọmọ tó gbọ́n jù ṣe é. Àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ ní ilé ìwé ló ń wá. Ní Amẹ́ríkà ni Lewis Terman ti wá yí i sí òdìkejì. Láti 1921 ló ti ń ṣa àwọn ọmọ olọ́pọlọ pípé jọ ní California láti máa tọpa wọn títí wọ́n á fi dàgbà. Méjì nínú àwọn tó dá padà nítorí pé máàkì wọn kò tó ni William Shockley àti Luis Alvarez. Shockley gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1956, Alvarez gbà á ní 1968. Nínú gbogbo àwọn tí Terman mú, kò sẹ́ni tó gba irú rẹ̀. Ìtàn yìí kò da nǹkan kan rú fún Ìyá Jíníọ́sì. Bí wọ́n bá mú ọmọ rẹ̀, jíníọ́sì ni. Bí wọn kò bá mú un, Shockley ni.

Ọjọ́ orí ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Láyé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tó tó wọ ilé ìwé. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ kò bá kan etí òsì, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Ìlànà ìjọba lónìí ní kí ọmọ pé ọdún 6 kó tó wọ Básíkì 1. Lójú Ìyá Jíníọ́sì, ọmọ ọdún 6 tó ṣì wà ní Básíkì 1 ti ń di bàbá àgbà. Ọmọ tirẹ̀ ti ń rìn lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú báàgì tó gùn jù ú lọ kó tó pé ọdún 2, ó sì wọ Básíkì 1 ní ọdún 4. Síbẹ̀, ó ń lọ́ra jù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dọ́bù púrómóṣàn ti ń wọlé.

Ọjọ́ tí wọ́n bá pín káàdì ìparí táàmù ni ìyá máa ń wá. Ọ́fíìsì ẹni tó ni ilé ìwé ni yàrá tó yẹ kó jẹ́ ti àlejò nínú ilé oníyàrá mẹ́rin tí wọ́n sọ di kíláàsì. Ife ẹ̀yẹ wà lórí tábìlì níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi yìí náà ni. Kíláàsì yẹn ti sú u."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti sú u, Mọ́mì?"

"Àǹtí rẹ̀ ní ó máa ń sùn."

"Gbogbo wọn ló ń sùn, Mà. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni."

"Oorun tiẹ̀ yàtọ̀. Tó bá ń sùn báyìí, ó ń gbọ́."

Ẹni tó ni ilé ìwé á dákẹ́. Á ní kí àwọn ní sùúrù, kí ọmọ mọ nǹkan Básíkì 3 dáadáa ná. Ìyá á wá sọ̀rọ̀ kan wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́: ilé ìwé tó wà lẹ́yìn transfọ́mà ti ní àwọn á gbà á sí Básíkì 4. Ọmọ mẹ́ta ló ń ti ilé yìí wá, tí ìyá wọn kì í jẹ gbèsè. Wọ́n á ní kí ọmọ ṣe ìdánwò ráńpẹ́. Kò tíì sí ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà rí. Bó bá wá jẹ́ pé kíláàsì tó fò náà ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín nọ́ńbà tó ní ṣẹ́kù, ọmọ á máa pín nǹkan lọ ní tirẹ̀ bí ẹni pé kò sóhun tó ń ṣẹ́ kù láyé yìí. Lẹ́sìnnì ni wọ́n á fi dí ihò náà, owó lẹ́sìnnì sì yàtọ̀ sí owó ilé ìwé.

Àwọn ilé ìwé kan gbọ́n ju kí wọ́n máa fo ọmọ lọ. Wọ́n pín kíláàsì kan sí méjì, wọ́n pe ọ̀kan ní "Gold". Ọmọ tó bá tayọ ló ń lọ síbẹ̀, ó sì jọni lójú bí ó ṣe jẹ́ pé àwọn tó ń tayọ náà ni àwọn òbí wọn ti san owó tán kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Tíṣà kan náà ló ń kọ́ ìhà méjèèjì, láti orí bọ́ọ̀dù kan náà.

Ó yẹ kí èèyàn ṣe òdodo sí lẹ́sìnnì. Ohun tó ń gbé e ró ní Magboro ju ìfẹ́ ìwé lọ. Aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán ni ilé ìwé ń parí; ọ̀nà Èkó kì í dá òbí padà ṣáájú aago mẹ́jọ alẹ́. Ìdúró ọmọ nílé ìwé títí di ìrọ̀lẹ́ kò ṣeé pè ní ìtọ́jú ọmọ, nítorí wọ́n á ní òbí náà kò ráyè fọ́mọ rẹ̀. Wọ́n pè é ní àkànṣe ẹ̀kọ́. Bí ọ̀nà bá dáa lọ́la, ó ṣeé ṣe kí iye àwọn ọmọ olọ́pọlọ pípé tó wà láàárín Arepo àti Mowe dín kù.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń gbé jíníọ́sì jáde. Àlejò á wọlé, wọ́n á gbé ìrẹsì wá, wọ́n á sì pe ọmọ láti pálọ̀ inú. Ọmọ á dúró ṣánṣán níwájú tẹlifíṣàn, ọwọ́ lẹ́yìn, ojú lórí ẹran inú àwo àlejò. "Spell Czechoslovakia for Daddy." Á sọ ọ́ láìṣì lẹ́tà kan. Orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1993, kí ìyá tó ń bi í tó jáde púráímárì, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lódidi ní pálọ̀ yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olú ìlú àwọn orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn ìyẹn ni ìlọ́po méjìlá. Àlejò mọ ohun tó kàn: á tọwọ́ bọ àpò. Ìyá á gba owó náà fún ọmọ, á bá a tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ìyá bàbá nìkan ló máa ń ba eré jẹ́. Ó ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, ó ta iṣu àti ẹ̀gúsí títí ó fi kọ́ ilé, kò sì mọ̀ pé ìbéèrè ní àkókò tirẹ̀. "Bí wọ́n bá ń ta iṣu mẹ́ta ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀, èló ni mẹ́fà?" Ọmọ á wo ẹnu ìyá rẹ̀. "Grandma, please repeat the question." Ìyá á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ á bèèrè ìwé àti pẹ́ńsù, màmá á sì ti fún ara rẹ̀ lésì, á ti bá nǹkan mìíràn lọ. Ẹni tó bá ń ka márùndínláàádọ́ta lójoojúmọ́ ti yọ 10 nínú 60, ó tún ti yọ 5 nínú ohun tó kù, kó tó yanu; wọn kò fún irú wọn ní sátífíkéètì rí. Ọmọ náà kò sì lè dáhùn ní èdè màmá. Owó ìtanràn ló ń san ní ilé ìwé bí Yorùbá bá jábọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọ́dákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe àwọn ọmọ náà ní jíníọ́sì. Nígbà tí wọ́n wọn ìmọ̀ wọn, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ èyí fún Ìyá Jíníọ́sì, á gbà pé òótọ́ ni, fún àwọn ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́.

Ìjọba náà ní ètò fún ọmọ tó tayọ ní tòótọ́. Wọ́n gbé ìlànà kan jáde lórí rẹ̀ ní 1986, ilé ìwé kan sì wà fún un, Federal Government Academy ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger, tó ní ìdánwò àbáwọlé tirẹ̀. Ìyá Jíníọ́sì gbọ́ nípa rẹ̀. Ó jìnnà, ọmọ sì lè ṣe ìdánwò náà kí wọ́n má mú un, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Magboro. King's College, Queen's College tàbí FGGC Ṣágámù ló wù ú. Básíkì 5 ni ọmọ ti máa ń jókòó fún National Common Entrance tí NECO ń ṣe. Básíkì 6 wà fún àwọn tí kò yára. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 10. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ a máa ní ọjọ́ orí méjì: fún NECO, ó ti pé 10, fún àlejò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 8 ni.

Ilé ìwé aládàáni ló padà gbà á, ó sì parí SS3 ní ọdún 14, pẹ̀lú àkàrà òyìnbó alájà mẹ́ta. JAMB ló dá a dúró. Láti 2025, ọmọ tí kò ní pé ọdún 16 kò lè wọ yunifásítì àfi bó bá jẹ́ ẹ̀dá àrà ọ̀tọ̀, ìyẹn ẹni tó gba ó kéré tán 320 nínú 400, kó tó wá kan àwọn àyẹ̀wò mìíràn. Àwọn tí kò tíì tó ọjọ́ orí náà, tí iye wọn lé ní 41,000, ni wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dún náà pé àwọn jẹ́ bẹ́ẹ̀. 599 péré ló gba 320 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Jíníọ́sì, tó ti fi ọdún mẹ́wàá ṣe fáàrí pé ọmọ òun kéré, bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí wọ́n ń gbà ní kóòtù láti búra pé ó dàgbà. Ṣùgbọ́n NIN ni JAMB ń wò, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi tayọ̀tayọ̀ kọ ọjọ́ ìbí náà síbẹ̀, tòun ti fọ́tò.

Ọdún méjì ni ọmọ yóò fi jókòó sílé. Láàárín rẹ̀, ilé ìwé tó ti bẹ̀rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa ṣe lẹ́sìnnì láti aago mẹ́ta sí mẹ́fà, tí owó rẹ̀ kò ní tó ti tíṣà gidi. Wọ́n gbà á. Básíkì 3 ni wọ́n fún un.