Orí Tuntun fún Ẹsẹ̀ Tó Ń Ro

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọn ò purọ́, àmọ́ láyé tiwọn, orí kò tíì wà lórí àtẹ. Lónìí, orí wà nínú páálí ní Computer Village, ní Ìkẹjà, ládùúgbò Ọ̀tígbà. Ẹ ó rí tuntun, ẹ ó rí tòkunbọ̀, ẹ ó sì rí èyí tí wọ́n pè ní tòkunbọ̀ tó jẹ́ pé Agége ló ti wá. Bí orí bá ti di ọjà, kí ló kù tí ẹnikẹ́ni ń sá fún idà? Ẹ bẹ́ ti àná dànù, ẹ gbé òmíràn lé ọrùn, ká máa bá gémù wa lọ.

Orí tí mò ń wí ni processor, ohun pẹlẹbẹ tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tó ń ṣe ìṣirò inú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ọ̀dọ́kùnrin ìwòyí tó ń gbá gémù ní Súrùlérè tàbí ní Bódìjà. Core i5-7500 ló wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tí Intel gbé jáde lóṣù kìn-ín-ní 2017, tó ní core mẹ́rin, ìyẹn ọpọlọ mẹ́rin nínú orí kan. Lọ́dún náà, ẹni tó ní in lè yan fanda láàárín ẹgbẹ́. Nísinsìnyí, gémù tuntun ń ṣe dákú-dájí lójú rẹ̀. Ọ̀tá ti yìnbọn pa á kó tó rí i pé ọ̀tá dé. Inú bí i. Kò bínú sí ọ̀tá, kò bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀ tó lọ́ra, processor ló bínú sí. Ẹnìkan tó ń gbé ní Kánádà, tí kò fojú kan ẹ̀rọ náà rí, ti sọ fún un lórí YouTube pé core mẹ́rin ti di ohun ìgbàanì. Àjọ kàn án lóṣù yẹn, ó di Ìkẹjà.

"Ọ̀gá mi, kí lẹ fẹ́ gbà?"

"Processor ni. Tèmi ti darúgbó."

"Ẹ ò ṣìnà. 7700K rèé, i7 gidi, ọwọ́ òyìnbó ló ti wá tààrà. Àbí i5 lẹ ṣì ń lò, ọ̀gá mi?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ta ọjà. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lójú ọjà pé i5 lòun ṣì ń lò? Kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ti ń dùn ún. Oníṣègùn tí kò wọ ilé ìwé rí yóò kọ́kọ́ bi aláìsàn níbi tó ti ń ro ó, àmọ́ aláìsàn tiwa ti yan oògùn nílé kó tó jáde, iye rẹ̀ nìkan ló wá bèèrè.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àyẹ̀wò náà ò gba kọ́bọ̀. Kí gémù máa lọ, kó ṣí Task Manager, kó wo ta ló ń làágùn. Bí graphics card, ohun tó ń ya àwòrán gémù, bá wà ní 99 nínú 100, tí processor sì rọra ń jókòó sí 50, orí kọ́ ló ń fọ́. (Kó má gba àpapọ̀ iye yẹn gbọ́ jù o; core kan lè ti kún dẹ́nu kí àwọn yòókù máa fi ẹsẹ̀ palẹ̀ kiri.) Bí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, kó dín àwòrán kù láti 1080p sí 720p. Bí eré bá yá sí i gidigidi, graphics card ló ń kérora. Bí kò bá yàtọ̀, ìgbà yẹn la tó lè máa fojú burúkú wo orí.

Kó tún yọ ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣeé wò lẹ́yìn oúnjẹ: eruku ọyẹ́ ọdún mélòó kan ti di tìmùtìmù láàárín abẹ fáànù, irun wà nínú rẹ̀, aáyán kan ti kú síbẹ̀, ìtàkùn aláǹtakùn sì ti dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Paste tó wà láàárín processor àti irin tó ń tù ú lára ti gbẹ, ó ń ṣí bí ẹfun. Processor yìí, bí ooru rẹ̀ bá ti súnmọ́ 100 lórí ìwọ̀n Celsius, fúnra rẹ̀ ni yóò dẹ eré kó má baà jóná. Ọ̀lẹ kọ́ ni, ooru ló mú un. Tún wo RAM: ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú ihò, nígbà tó jẹ́ pé méjì ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́ kí ọ̀nà lè là. Gémù wà lórí hard disk tó ń yí gbirigbiri, bẹ́ẹ̀ Starfield, tó jáde ní 2023, kọ ọ́ gbangba pé SSD ni dandan. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ya fọ́tò búrọ́ọ̀ṣì àti paste sórí Instagram?

Ká tiẹ̀ gbà pé orí ló ń fọ́. Ọrùn ńkọ́? Motherboard ni ọrùn, kì í sì í ṣe gbogbo orí ni ọrùn ń gbé. Lóṣù kẹwàá 2017, Intel gbé ìran kẹjọ jáde. Iye ojú ibi tó ń kan bọ́ọ̀dù kò yí padà, 1,151 náà ni, ó sì ń wọ inú ihò àtijọ́ ṣinṣin. Àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Intel ní àfi bọ́ọ̀dù tuntun. Nítorí náà, 7700K ni òkè téńté ọrùn ọ̀dọ́kùnrin wa, core mẹ́rin náà ló ní, ó kàn lè ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Oṣù kan náà ni wọ́n gbé òun àti i5 yẹn jáde. Gbogbo ẹni tó ní irú ọrùn yìí ló ń wá a, òǹtajà sì mọ̀. Watt 65 ni i5 ń gbà, 91 ni ti 7700K, fáànù kékeré àná kò ní ká a. Microsoft tún ti ṣíwọ́ lórí Windows 10 lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ìran keje kò sì sí lára àwọn tí Windows 11 gbà wọlé, àyàfi ìba díẹ̀ tí 7700K kò sí nínú wọn. Arúgbó ló fowó àjọ rà láti fi rọ́pò arúgbó.

Ẹni tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ AM4 ti AMD, orogún Intel, ni orí tuntun lè wò sàn ní ti gidi. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù B350 tó jáde ní 2017 lè gbé Ryzen 5 5600 tó dé lóṣù kẹrin 2022, bí wọ́n bá ti fún BIOS rẹ̀, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, ní ẹ̀dà tuntun nígbà tí orí àtijọ́ ṣì wà lọ́rùn. Kó má ṣe é lórí iná ìjọba nìkan o. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́ yẹn, bọ́ọ̀dù lè di pátákó lásán. Kó sì kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná díẹ̀ kó tó pa á, kí paste lè rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó bá fa irin ìtutù lójijì, processor lè bá a jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tín-ín-rín 1,331, kí díẹ̀ sì tẹ̀ níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Dọ́là ni Intel àti AMD mọ̀, wọn ò mọ àjọ. Dọ́là 199 ni AMD dá lé Ryzen 5 5600 yẹn nígbà tó jáde. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, tí dọ́là wà ní nǹkan bí 460 náírà lọ́wọ́ ìjọba, ìyẹn ò ju bíi 91,500 náírà lọ. Nígbà tí dọ́là kọjá 1,500 ní 2024, ó ti tó 298,500. Lóòótọ́ iye owó processor náà ti já wálẹ̀ lókè òkun, àmọ́ náírà ló kọ́kọ́ balẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin wa gba 7700K. Ó fi i5 rẹ̀ dí lára owó, òǹtajà nù ún, ó gbé e sórí àtẹ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọkùnrin kan dé láti Múṣín. i3-7100 ló ń lò, core méjì péré. Ó ti gbá eruku ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti dín àwòrán kù wò, ó ti kọ orúkọ bọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí bébà, ó sì mọ̀ pé i5 yẹn gan-an ló tó òun. Ó nawọ́ sí i. Òǹtajà wo bébà, ó wo ojú rẹ̀, ó sún i5 sẹ́yìn díẹ̀.

"Ọ̀gá mi, kí lẹ fẹ́ fi i5 ṣe? i7 kan ṣẹ́kù."