Òbìrìkìtì Kì í Gbọ́ Rédíò

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo wà lára àwọn tó gbà pé kọ́ńpáàsì ọmọ iléèwé ló ń sọ ibi tí rédíò ń dé. Kí a gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ Abẹ́òkúta, níbi tí ilé-iṣẹ́ rédíò OGBC wà, kí a yí pẹ́ńsù ká, ó parí náà nìyẹn: Àgọ́-Ìwòyè wọlé, Ìjẹ̀bú-Igbó wọlé, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n díẹ̀, Ogun Waterside náà ò ní gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ráhùn pé òun ò gbọ́ nǹkan kan, bátìrì rẹ̀ ni mo máa ń bá wí. Àbùkù kan ṣoṣo tí ìṣírò yìí ní ni pé ilẹ̀ ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi máàpù. Ìgbì FM àti ti tẹlifíṣọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń rìn tààrà ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń tẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìgbì á gba òkè orí wa kọjá. Gíga òpó ló kọ́kọ́ ń pààlà fún un. Fún òpó 100 mítà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìṣírò àwọn ẹnjiníà ń fún wa ní nǹkan bíi kìlómítà 41. Bí a bá gbé ẹ́ríà olùgbọ́ sórí igi 10 mítà, a tún rí 13 sí i. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 54, bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta sí Ìjẹ̀bú-Igbó lé ní 70, àní bí ẹyẹ bá fò ó tààrà.

Wọ́n á ní, ṣebí kí wọ́n fi kún agbára ẹ̀rọ ni? Àṣìṣe mi kejì gan-an nìyẹn, tìgboyà-tìgboyà ni mo sì fi ń gbé e kiri. Ní gbangba tí nǹkan kan ò dínà, ìlọ́po mẹ́rin agbára ló ń mú ọ̀nà jìn ní ìlọ́po méjì péré. Tí ìgbì bá sì ti kọjá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ á máa jó, olùgbọ́ ò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Gíga náà ń béèrè owó tirẹ̀: òpó 400 mítà la fi ń sọ 41 yẹn di 82.

Àwọn tó mọṣẹ́ náà ò tilẹ̀ búra bí mo ti ń búra. Ìlànà P.1546 ti ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, kì í sọ pé ibí ń gbọ́, ọ̀hún ò gbọ́. Bí ìgbì ṣe máa lágbára tó ní ìdajì àdúgbò kan, ní ìdajì àkókò, ló máa ń sọ, pẹ̀lú ẹ́ríà tó wà ní 10 mítà ní ìgbèríko. Ta ló gbé rédíò sí 10 mítà lọ́jà Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Ti ìyá alátà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n tòmátò, rọ́bà ló so bátìrì mọ́ ọn lẹ́yìn, wáyà tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ ló di ẹ́ríà rẹ̀, páànù sì bò ó lórí. Ẹlòmíràn á ní òun gbọ́ Kútọnu ketekete ní Ìwópìn, létí ọ̀sà ní Ogun Waterside. Kò purọ́. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá bo èyí tó tutù lórí ọ̀sà, ó lè darí ìgbì dé ọ̀nà jíjìn. Àlejò nìyẹn, àṣìṣe mi kẹta ni pé mo máa ń kà á mọ́ onílé.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òun ń dé gbogbo Ìjẹ̀bú, kí olùpolówó ọjà tó sanwó, kí ó béèrè bí òpó ṣe ga tó, irú ẹ́ríà tí wọ́n fi wò ó, àti oṣù tí wọ́n wò ó. Kí wọ́n gbé rédíò kékeré dé Àgọ́-Ìwòyè, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ìwópìn, lásìkò òjò àti lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n kọ ohun tí etí gbọ́ sílẹ̀. Máàpù tó bá tibẹ̀ jáde á rí wọ́gọwọ̀gọ, kò ní dùn ún wò rárá. Òun ló yẹ kí wọ́n fi dá iye owó ìpolówó.