Kúkúrú Bìlísì Orí Tábìlì Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí i kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. O kú iṣẹ́ o, kọ̀ǹpútà mi. O kú ariwo. Kúkúrú bìlísì, a-kéré-bí-páálí-ṣúgà-dún-bí-ẹ̀rọ-ata. Ọmọ àtòkèèrè-wá tó gbé ooru bọ̀ láti òkè òkun bí ẹni pé a kò ní ooru tiwa l'Ékòó.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà gàgàrà tí wọ́n máa ń gbé sábẹ́ tábìlì ní ọ́fíìsì ni mò ń wí. Tibùú tòòró èyí kò kọjá sẹ̀ǹtímítà 18, nínípọn rẹ̀ kò sì pé sẹ̀ǹtímítà 4. Ká ní ó ṣeé bu omi sí ni, lítà kan péré ni ìbá gbà. Mini PC ni àwọn olówò ń pè é. Orúkọ tí ìyàwó mi ń pè é kò ṣeé kọ sínú ìwé.

Computer Village n'Íkẹjà ni mo ti rà á, tòkunbọ̀ ni. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà: “Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í pariwo o. Tí ẹ bá tàn án, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà nínú ilé.” Ó tàn án lóòótọ́, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo sanwó, inú mi dùn. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé jẹnẹrétọ̀ méje ló ń ké níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnì kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó ṣájà lápá ọ̀tún, oníwàásù kan sì ń bá èṣù jà lápá òsì. Níbẹ̀ yẹn, ẹ lè gbé ẹ̀rọ ata gan-an kalẹ̀ kí ẹ máa tà á ní adákẹ́jẹ́jẹ́.

A gbé e délé. Ìyá Tòyìn, ìyàwó mi, wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní ó kéré, ó dára, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ba pálọ̀ òun jẹ́. La bá tì í bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, a gbé dikódà lé e lórí, a fi aṣọ olówùú funfun tí Ìyá Tòyìn fúnra rẹ̀ hun bo gbogbo rẹ̀, a wá ti ilẹ̀kùn gíláàsì. Adìẹ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò ní rí ojúmọ́. Èmi tí mo kàwé yìí náà ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn ọ̀hún.

Ọjọ́ kẹta ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ mú ẹjọ́ wá ni Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí wọ́n wá kí wa fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà Ọdún Àjíǹde, tí wọ́n ṣì ń kí wa lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Orí àga gígùn inú pálọ̀ ni ibùsùn wọn. “Àna mi,” wọ́n ní, “nǹkan yín yìí ń hanrun. Kò sí bí èèyàn ṣe lè sùn nínú ilé tí nǹkan ti ń hanrun.”

Bọ̀dá kò dúró de ìdáhùn mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé tìmùtìmù lé e. Ariwo náà rọlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wá padà dé pẹ̀lú ìyá àti bàbá rẹ̀. Wọ́n wá ní kí a máa gbé e sínú fíríìjì lálẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, Bọ̀dá, ẹ wo bí ìgò ọtí tútù ṣe máa ń làágùn tí a bá gbé e síta. Òógùn yẹn náà ni yóò là sórí wáyà inú rẹ̀. Wọ́n ní ìwé ti pọ̀ jù lórí mi. Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá tú ìdí kọ̀ǹpútà, wọ́n fa wáyà fáànù yọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n jókòó bí adájọ́: àwọn ti rí ẹni tó ń pariwo, àwọn sì ti pa á lẹ́nu mọ́.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú ara rẹ̀ pé òun kò rí fáànù òun. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú irú wọn ṣe máa ń ṣe. Bí wọn kò bá rí ẹni tí yóò fẹ́ wọn, wọn kò ní gbéra ńlẹ̀. Ẹ wo nǹkan tí kò ju páálí ṣúgà lọ, ó mọ ohun tí Bọ̀dá kò mọ̀: tí aládùúgbò bá ń ké “iná o!”, ẹni tó lọ fi ọwọ́ dí i lẹ́nu kò tíì pa iná.

Iná ọ̀hún gan-an ni kí n ṣàlàyé. Pirósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹ iná bíi wọ́ọ̀tì 35, àwọn mìíràn 65. Ẹ rántí gílóòbù ayé ijọ́un, oníwọ́ọ̀tì 60, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo, tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn nígbà tó bá ń tàn. Ẹ kó ooru rẹ̀ jọ sórí èékánná kan, ẹ wá tì í mọ́ inú àpótí tó gba lítà kan. Irin kan tí wọ́n ń pè ní heatsink ló wà lórí ọpọlọ náà tó ń fa ooru mọ́ra. Fáànù á máa fẹ́ atẹ́gùn gba àárín irin yẹn kọjá, ooru á sì gba ẹ̀yìn jáde. Atẹ́gùn inú ilé yín ló ń fẹ́ o, kì í ṣe ti Jọ́s. Bí yàrá bá gbóná tó dígírì Celsius 32, kò sí fáànù náà láyé tó lè mú ọpọlọ rẹ̀ tutù ju 32 lọ. Tèmi tí mo tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀: ooru tó tu jáde lẹ́yìn náà ló tún ń fà wọlé níwájú, bí ẹni tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí nínú oṣù Ẹrẹ́nà.

Tí ooru náà bá ti sún mọ́ 100, ìyẹn ooru omi tí a fi ń ro àmàlà, ọ̀pọ̀ pirósẹ́sọ̀ a dín eré kù fúnra wọn kí wọ́n má baà jóná. Ẹ̀yin ẹ ó rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló lọ́ra, ẹ ó máa ṣépè fún àwọn tó ń ta dátà. Kọ̀ǹpútà yín ló ń ṣe bí òṣìṣẹ́ tí a jẹ ní owó oṣù mẹ́ta: ó wá síbi iṣẹ́, ó jókòó, ó ń wò yín.

Kí n má dá ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀dá. Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Apple sílẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ ohùn fáànù sétí. Ní 1980 wọ́n gbé Apple III jáde láìní fáànù. Ṣíìpù inú rẹ̀ ń yẹ̀ kúrò lójú ihò wọn, débi pé ìmọ̀ràn tí wọ́n fún oníbàárà ni pé kí ó gbé kọ̀ǹpútà náà sókè díẹ̀, kí ó sì jù ú lu tábìlì, kí ṣíìpù lè jókòó padà. Bí bàbá mi ṣe ń tún rédíò ṣe náà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Macintosh àkọ́kọ́ dé ní 1984, kò ní fáànù. Àwọn kan bá ń ta ọ̀nà èéfín tí wọ́n fi páálí ṣe, tí a ń dé e lórí bí fìlà kí ooru lè rọ́nà lọ sókè. Ọdún 1987 ni fáànù tó ráyè wọ inú Macintosh SE. Ní 2000 ẹ̀wẹ̀, àṣà àtijọ́ tún pè wọ́n: Power Mac G4 Cube, arẹwà bí ẹni máa relé ọkọ, kò ní fáànù, owó rẹ̀ gun òkè, kò ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi dá ọjà rẹ̀ dúró. Mo sọ ìtàn yìí fún Bọ̀dá. Wọ́n ní, “Ẹ ò rí i? Èmi àti ọkùnrin yẹn, ọgbọ́n kan náà la ní.” Owó ni wọn kò jọ ní.

Lọ́jọ́ Sátidé mo ké sí Ẹnjiníà àdúgbò wa. Ó tú u. Yéè! Eruku tó wà láàárín irin heatsink ti di ẹní. Eruku ọyẹ́ wà níbẹ̀, òwú aṣọ Ìyá Tòyìn wà níbẹ̀, irun wà níbẹ̀ nínú ilé tí èmi àti Bọ̀dá ti pá lórí, aáyán kan sì na ẹsẹ̀ gbọọrọ sí igun kan bí ẹni tó san owó ilé ọdún méjì. Ẹnjiníà gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìka kan di fáànù mú, ó tan bílówà sí i. Ẹ má fojú fo ìka yẹn o. Atẹ́gùn bílówà lè mú fáànù sáré ju bí Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ṣe fẹ́ lọ, kí ìdí rẹ̀ sì yẹ̀. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ lásán ni ẹ ó tu sí i lára.

Nígbà tó yọ heatsink, péésìtì tó yẹ kó wà láàárín irin àti ọpọlọ ti gbẹ bí amọ̀ ara ògiri. Gbágungbàgun kéékèèké tí ojú kò lè rí ni péésìtì yẹn ń dí, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá há síbẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Ẹnjiníà na ọwọ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú ọṣẹ ìfọyín wá.” Mo rò pé ó fẹ́ fọ ẹnu kó tó dá iye owó fún mi. Àṣé orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló fẹ́ fi í sí! Lóòótọ́, ó lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí omi inú rẹ̀ bá gbẹ, ooru á padà, èrè kan ṣoṣo tó máa kù ni pé kọ̀ǹpútà á máa ta sánsán bíi míńtì. Mo fún un lówó, ó lọ ra ojúlówó thermal paste. Ó fi sípírítì nu ti àtijọ́ kúrò, ó ṣe èyí dáadáa, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tó yí ọwọ́ sí tuntun, ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì Agége. Mo figbe ta. Ìwọ̀n ẹ̀wà kan ti tó.

Ariwo pàápàá ní èdè. Tí ẹ bá ń gbọ́ fùùùù, atẹ́gùn ni, ooru ló lé e. Ẹ gbá eruku, ẹ ṣí ọ̀nà fún un, á rọlẹ̀. Tó bá jẹ́ kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ lẹ ń gbọ́, ìdí fáànù ló ti gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òróró tí ẹ fi ń dín dòdò sí i. Á pò mọ́ eruku, á di àtè. Ẹ ra òmíràn, ẹ sì mú èyí tó kú dání lọ sọ́jà, torí pé fáànù àwọn aràrá yìí kì í bára wọn mu. Kíkéré náà tún dá kún ariwo. Fáànù oníbùú sẹ̀ǹtímítà 12 lè máa rìn bí ìyáálé, kí atẹ́gùn rẹ̀ sì tó ilé. Èyí tó kéré bí ìdérí ike gbọ́dọ̀ máa sáré bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí àlejò ya bá. Tí eré fáànù kan bá di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 15 lé sí i. Létí ọmọ ènìyàn, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹnjiníà gbowó, ó lọ. Èmi ni mo ṣe ìyókù. Fáànù tèmi ní ìwà àkẹ́jù kan: á dákẹ́, á ké, á dákẹ́, á tún ké, bí ọmọ tó ń yọjú wò bóyá ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Etí lè fara da ariwo tó dúró sójú kan. Àlọ-àbọ̀ yìí ló ń yọ èèyàn lẹ́mìí. Mo wọ inú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, mo sún ibi tí yóò ti máa sáré síwájú díẹ̀, kó má baà máa ta gìrì nítorí pé mo ṣí lẹ́tà kan. Nínú ètò iná Windows, mo wá ibi tí wọ́n kọ Maximum processor state sí, mo sọ 100% di 99%. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo yọ o, ṣùgbọ́n ẹyọ kan yẹn ló ń sọ fún pirósẹ́sọ̀ pé kí ó yé sá eré àsápajúdé tí wọ́n ń pè ní turbo. Turbo kò sì kúkú ṣe mí lóore rí. Bó ti wù kó sáré tó, àwàdà mi kì í tètè yá.

Mo ṣí Task Manager láti mọ ẹni tó ń jẹ agbára tó kù. Bọ̀dá ni. Ojú ewé 46 ni wọ́n ṣí sílẹ̀, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sì ni gbogbo rẹ̀.

Ìyá Tòyìn gbà pé kó kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bí aṣọ òun bá ti wà lábẹ́ rẹ̀ dípò orí rẹ̀. Mo fi ìdérí ìgò mẹ́rin gbé ìdí rẹ̀ sókè kí atẹ́gùn lè rí ìsàlẹ̀ wọlé. Ọpọlọ tó ti ń lé 95 tẹ́lẹ̀ bọ́ sí 60 ó lé díẹ̀, ariwo náà sì di ohun tí ẹ ó fi etí wá kí ẹ tó rí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tilẹ̀ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, a wọlé lọ sùn. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, Ìyá Tòyìn fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. “Bàbá Tòyìn, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o.”

Mo tẹ́tí. Òótọ́ ni. Fùùùù, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, fùùùù. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, a yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sí pálọ̀. Kọ̀ǹpútà dúró jẹ́jẹ́ lórí ìdérí ìgò mẹ́rin, ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Bọ̀dá na gbalaja lórí àga gígùn, wọ́n ká apá sókè, wọ́n fi tìmùtìmù bo imú, àyà wọn ń lọ ó ń bọ̀.

Mo wo Ìyá Tòyìn, Ìyá Tòyìn wò mí.

“Tí ilẹ̀ bá mọ́,” ó ní, “ẹ bá mi pe Ẹnjiníà yẹn. Ẹ ní kó mú bílówà rẹ̀ dání.”