Òṣùpá Yọ, Mo Wolẹ̀

Gòkègòkè ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì wa. N kì í kọ̀ ọ́. Mo tilẹ̀ máa ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé nígbà tí mo kọ ìròyìn nípa bí mo ṣe gun Olúmọ l'Ábẹ́òkúta, tí mo ní òógùn bò mí, tí orúnkún mi sì ń gbọ̀n, ẹ̀rọ agbéniròkè ni mo bá lọ. Òógùn bò mí lóòótọ́ ṣá. Ooru mú nínú ẹ̀rọ náà.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ràn ju owó oṣù mi lọ (ẹni tó bá mọ iye tí akọ̀ròyìn ń gbà kò ní bá mi wí): òkè gígùn àti ojú ọ̀run wíwò. Bí ẹ bá jí mi lóru, n ó sọ fún yín pé Chappal Waddi ní Tàràbà ni òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, pé gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,419. N kò dé ibẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé Àgùàlà tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni, pé oòrùn lòun náà ń yí po bíi ti ayé wa yìí. Ìyàwó mi ní ohun tó bá ti jìnnà nìkan ni mo máa ń mọ̀, pé n kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé.

Àìsàn kan ló ń bá mi jà láti ìgbà tí mo ti di akọ̀ròyìn. Mo máa ń kọ nǹkan kí n tó rí i. Bí nǹkan ọ̀hún bá wá dé, orí ìwé ni ojú mi máa ń wà. Ní 29 oṣù Kẹta 2006, tí òṣùpá bo oòrùn lójú, tí òkùnkùn gba Gáná, Tógò, Benin àti apá kan Nàìjíríà kọjá láàárọ̀, Ìbàdàn ni mo wà. Níbẹ̀, ńṣe ni oòrùn bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àkàrà tí ọmọdé gé jẹ. Gbogbo àdúgbò gbójú sókè. Èmi ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, mo ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo ní kí èmi náà wò ó, oòrùn ti padà di odidi.

Mo wá búra pé ìṣíjibò òṣùpá ti 7 oṣù Kẹsàn-án 2025 kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọjọ́ Àìkú ni. Òṣùpá yóò ti wà nínú òjìji ayé pátápátá kó tó yọ sí wa ní ìrọ̀lẹ́, yóò pọ́n títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ni yóò máa yọra jáde díẹ̀díẹ̀. Mo ní orí òkè Ìdànrè ni n ó ti wò ó. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ti kọ ìròyìn ọ̀hún, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, olóòtú wa: òṣùpá yọ, ó pọ́n bí epo, ẹnu ya àwọn ará Ìdànrè. Èmi tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Yorùbá, tí mo ti ń rí òjò oṣù Kẹsàn-án láti kékeré, n kò rántí ìkùukùu rárá.

Ẹnu àwa akọ̀ròyìn kò kò lórí iye àtẹ̀gùn tó wà ní òkè náà. Mo ti ka 667, mo ti ka 682. Èmi fúnra mi ti kọ 660 rí lọ́jọ́ kan tí ebi ń pa mí. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí n ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Mo dé 143, arìnrìn-àjò kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ kí mi pé "Ẹ kú ìrìn o, bàbá," mo dáhùn, iye sì sọnù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi mí mọ̀nà ló gbé awò-awọ̀nàjíjìn mi sẹ́yìn, òun ló tún ń dúró dè mí. Òkè ti tutù, bàtà tuntun mi ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bí a ṣe dé ìlú àtijọ́ lókè, ó fi ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1896 hàn mí, ó fi ààfin Ọwá hàn mí, ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti kó lọ sí ìsàlẹ̀. Ó retí kí n bi òun ní ìdí. Lẹ́yìn irú àtẹ̀gùn yẹn, n kò rí ohun tí mo fẹ́ bi í.

Mo to awò mi, mo kọjú rẹ̀ sí ìlà oòrùn. Ìkùukùu bo ibẹ̀ bámúbámú. Kí ojú má bàa tì mí, mo ń ṣàlàyé fún ọmọ náà: ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń gba inú afẹ́fẹ́ ayé kọjá, afẹ́fẹ́ a fọ́n búlúù rẹ̀ ká, pupa ló ń kù tó máa ń dé ara òṣùpá. Àfi bí mo ṣe rí pupa! Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lórí igbó. Mo yí awò sí i. Ó rí rogodo, ó pọ́n, nǹkan dúdú kan sì wà láàárín rẹ̀. Mo ní òjìji ayé nìyẹn. Mo pe ọ̀gá mi lójú ẹsẹ̀.

"Ó ti yọ, mà! Ó pọ́n bí epo gan-an bí mo ṣe kọ ọ́!"

Ọmọ náà dúró kí n sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Máàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Àbúrò bàbá mi ló ń ṣọ́ ọ."

Mo tún ojú awò ṣe. Rogodo náà sún kì, ó di gílóòbù pupa kan ṣoṣo lórí irin. Irú awò tèmi yìí, bí ẹ kò bá tíì tún un ṣe kó ríran dáadáa, iná kékeré a wú di àwo, jígí kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ a sì fi òjìji tirẹ̀ sí i láàárín. Òjìji jígí mi ni mo pè ní òjìji ayé. Irin náà tilẹ̀ dorí kodò, nítorí bẹ́ẹ̀ ni awò mi ṣe ń fi gbogbo nǹkan hàn.

A jókòó títí aago mẹ́jọ fi kọjá, a kò rí nǹkan kan. N kò pe ọ̀gá mi padà. Mo ní bí òṣùpá bá ti já mi kulẹ̀, ó kéré tán n ó mú iye àtẹ̀gùn délé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹsẹ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ní 418, ọmọ náà pariwo lókè: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wòkè!"

"Má pè mí! 419, 420..."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́!"

"421!"

Mo kà á dé 671. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní mo ka ibi ìsinmi mọ́ ọn. Ó wá na fóònù rẹ̀ sí mi. Ìkùukùu ti là fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta: òṣùpá wà nínú àwòrán náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan funfun, èyí tó kù ṣì dúdú, ó dúró sórí àpáta. Nísàlẹ̀, bàbá kan tẹ̀ kòlòbà, ó ń fi iná wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Àwòrán yẹn ni ọ̀gá mi lò. Ó yọ gbogbo ìròyìn mi kúrò, ó fi ìlà kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: "Akọ̀ròyìn wa, níbi tó ti ń wo òṣùpá."