Ìràwọ̀ Méjì, Kóòtù Mẹ́ta

Bí òyìnbó bá ní òun fẹ́ wo ojú ọ̀run, ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò, kí ó lè mọ ibi tí yóò gbé àga sí. Lẹ́yìn àga ni fùláásì tíì. Lẹ́yìn fùláásì ni fìlà onírun. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn nínú ètò náà, bí ó bá tilẹ̀ yọjú.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ní London níbí, ló fà mí wọ ẹgbẹ́ awòràwọ̀ àdúgbò rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2023. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé Àgùàlà àti Júpítà ń súnmọ́ ara wọn ní ìwọ̀ oòrùn lálaalẹ́, àti pé bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kẹta, ẹni tó bá na apá rẹ̀ tán yóò lè fi ìka ọmọńdinrín kan ṣoṣo bo àwọn méjèèjì.

Ká má purọ́, wọn kò pàdé. Ojú wa ló pa wọ́n pọ̀. Àgùàlà wà ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù kìlómítà sí wa lọ́jọ́ náà, Júpítà sì jìn ju ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn lọ. Bí èmi àti ìyá mi ṣe máa ń wà lórí fídíò WhatsApp ni: orí sún mọ́ orí, ó kù díẹ̀ ká fọwọ́ kan ara wa, ṣùgbọ́n ẹ ní kí n bá wọn bu omi mu, kí ẹ wá wo ẹ̀rín. Ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbà kọjá lókè. Àgùàlà ń fi ọjọ́ 225 yí oòrùn po. Júpítà ń lo ọdún 12, ó dín díẹ̀. Ẹni tó yára yóò bá ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò kí i, yóò sì kọjá lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe múra. Àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe mí. Mo ronú títí, n kò rí ohun tí ìràwọ̀ lè fi èèyàn ṣe, àfi kí ọrùn ro ó. Lẹ́yìn náà ni áàpù tí èèyàn yóò nà sókè kí ó lè sọ fún un pé ìràwọ̀ tó ń wò ni ìràwọ̀ tó ń wò. Lẹ́yìn náà ni tọ́ọ̀ṣì oníná pupa, nítorí pé ojú máa ń gba bí ìdajì wákàtí kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára, iná funfun ẹyọ kan sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àlàyé yìí dára, ó sì jẹ́ òótọ́. Àmọ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì méjèèjì yìí mọ́lẹ̀ débi pé iná títì London kò lè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kí ni a fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì pupa wá? N kò béèrè. Mo ra tèmi ní owó pọ́n-ún tí n kò ní dárúkọ, nítorí ìyàwó mi máa ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Awò ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 1610 ni Galileo fi awò kékeré tirẹ̀ rí àwọn òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà ká, láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ta awò kò ti jẹ́ ká sinmi. Awò olójú méjì tí àwọn tó ń wo ẹyẹ ń lò ti tó láti rí òṣùpá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ọwọ́ kò bá gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni kò ní gbọ̀n lójú òtútù yẹn? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún ta igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún mi.

Ní Ìbàdàn, ìyá mi kò ní ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Ohun tí ó ní ni àgbàlá, àti òkùnkùn ọ̀fẹ́, nítorí wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀. Àwọn awòràwọ̀ London yóò wakọ̀ wákàtí méjì kí wọ́n tó rí irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè gbójú sókè nílé lọ́sẹ̀ yẹn? Owó náírà àtijọ́ kò ṣeé ná, tuntun kò ṣeé rí, àwọn èèyàn ń sun ẹnu ọ̀nà báǹkì. Wọ́n ti dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, òru mọ́jú ọjọ́ 1 oṣù kẹta gan-an ni INEC kéde ẹni tó wọlé. Ìràwọ̀ wo ni ẹ fẹ́ kí wọ́n wò?

Mo pe ìyá mi ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa, tí ó jẹ́ aago méje tiwọn. Oòrùn Ìbàdàn àti ti London fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ wọ̀ ní àsìkò yẹn ni, ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín wọn. Èmi àti ẹgbẹ́ wa ti pé sórí pápá Blackheath. Mo wọ kóòtù méjì, mo fi ti òjò lé wọn lórí.

“Màámi, ẹ dákun, ẹ jáde, ẹ wo apá ìwọ̀ oòrùn.”

“Kí ló wà níbẹ̀? Ṣé owó tuntun ni?”

“Ìràwọ̀ ni, Màámi. Méjì.”

“Àkànní, ṣé o ti jẹun lónìí?”

Mo gbọ́ tí bàtà ń wọ́ nílẹ̀, tí ilẹ̀kùn dún. “Àwọn tó wà lókè ilé Alájì yìí? Ó pẹ́ tí a ti ń rí wọn. Ajá òṣùpá nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ìkejì yẹn ni n kò dá mọ̀.”

“Júpítà ni wọ́n ń pè é.”

“Ọmọ ta ni?”

Àwọn ará ilé ti ń jáde bọ̀ wá bá a. Mo gbọ́ ohùn ẹnìkan tó ní ààrẹ tuntun àti igbákejì rẹ̀ ni Ọlọ́run gbé sókè yẹn. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, olùpẹ̀jọ́ àti lọ́yà rẹ̀ ni, kóòtù ni wọ́n ń lọ. Ọ̀rọ̀ di ariwo.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìkùukùu ni. Ìkùukùu nípọnnípọn ló bo Àgùàlà náà o, òun ló ń ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà tí Àgùàlà fi ń tàn ju gbogbo ìràwọ̀ lọ. Èyí tó bo Blackheath kò tan nǹkan kan. Àwọn òyìnbó dúró ti awò olówó ńlá wọn, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ó kúkú dára tí òjò kò rọ̀. Baba arúgbó kan tó jẹ́ àgbà ẹgbẹ́ bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ìyá mi ni, pé wọ́n ń rí i.

Ṣe ni gbogbo wọn rọ̀gbà yí mi ká. Mo tan ohùn fóònù síta. Baba ní kí n bi wọ́n pé apá wo ni èyí tó mọ́lẹ̀ jù wà.

“Ọ̀tún,” ni ìyá mi wí. “Sọ fún wọn pé ọ̀tún ni. Eruku ọyẹ́ ṣì wà díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i dáadáa. Ṣé àwọn náà ti jẹun?”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Baba tan tọ́ọ̀ṣì pupa rẹ̀, ó ṣí ìwé, ó kọ ọ́: Ìbàdàn, aago méje kọjá díẹ̀, ojú lásán, ọ̀tún. Obìnrin kan béèrè bóyá “Ṣé àwọn náà ti jẹun?” jẹ́ apá kan nínú àkíyèsí náà. Ibẹ̀ ni a wà tí igbe fi sọ láti inú fóònù, tọmọdé tàgbà: “Àpù NEPA!” Ìyá mi ní kí n má bínú, òun fẹ́ sáré lọ fa omi kí wọ́n tó tún mú iná lọ, ó sì pa fóònù.

Blackheath dákẹ́. Baba arúgbó náà ṣì na gègé sójú ìwé. Ó bi mí bóyá pílánẹ́ẹ̀tì kẹta ló yọ, ó sì ní kí n jọ̀ọ́, kí n pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún òun.